Ìtọ́jú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ààbò ara fún àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn

Ìtọ́jú pẹ̀lú sẹ́ẹ̀lì ààbò ara fún àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́ ọ̀nà ìwòsàn tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn ń ṣe ìwádìí lé lórí. Nínú rẹ̀, wọ́n máa ń gba irú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun kan láti ara aláìsàn fúnra rẹ̀, tàbí láti ara ẹni tí ó fún un ní ẹ̀dọ̀, wọn a tọ́jú rẹ̀ nínú yàrá ìwádìí, wọn a sì fà á sí iṣan aláìsàn náà. Ète tí ó gbajúmọ̀ jù ni pé kí ara gba ẹ̀dọ̀ tuntun bí ẹni pé tirẹ̀ ni, kí aláìsàn sì lè jáwọ́ nínú oògùn tí ì bá máa lò títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ẹ̀ka kejì wà tí ó ń lo sẹ́ẹ̀lì láti bá jẹjẹrẹ tàbí fáírọ́ọ̀sì jà lára ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀ka àkọ́kọ́ ṣì wà ní ìpele ìdánwò lára ènìyàn díẹ̀. Nínú ẹ̀ka kejì, oògùn kan ti gba àṣẹ títà ní Yúróòpù.

Orúkọ

Èdè Yorùbá ti ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀dọ̀ kí ìmọ̀ yìí tó dé. Mẹ́dọ̀wú, orúkọ àrùn tí ń mú ẹ̀dọ̀ wú, fi ìtumọ̀ ara rẹ̀ hàn: mú, ẹ̀dọ̀, wú. Bí a bá sì ní kí ẹnì kan fẹ̀dọ̀ lórí òróòro, ohun tí à ń sọ ni pé kí ó fara balẹ̀. Àkànlò èdè lásán ni, ṣùgbọ́n kò jìnnà sí ohun tí ìtọ́jú yìí ń wá lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ inú ara. Nínú àyọkà yìí, ààbò ara ni gbogbo ètò tí ara fi ń dá àlejò mọ̀ tí ó sì fi ń lé e jáde. Sẹ́ẹ̀lì onílàjà ni irú sẹ́ẹ̀lì T tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Treg, nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pẹ̀tù sí àwọn sẹ́ẹ̀lì T yòókù.

Ìdí tí ara fi ń kọ ẹ̀dọ̀ àlejò

Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà wọn tó nǹkan bíi kìlógíráàmù 1.5. Òun ni ó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, tí ó ń ṣe òróòro, tí ó sì ń pèsè púpọ̀ nínú àwọn purotéènì tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀ fún ọdún pípẹ́, bí ẹ̀rọ ìfọ̀jẹ̀ ti ń ṣe fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, pípààrọ̀ rẹ̀ ni ó kù. Ẹ̀dọ̀ tuntun lè wá láti ara ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, ó sì lè jẹ́ pé alààyè kan, tí ó sábà máa ń jẹ́ ẹbí, ni yóò yọ̀ǹda kí a gé apá kan lára tirẹ̀. Èyí ṣeé ṣe nítorí pé ẹ̀dọ̀ a máa dàgbà padà láàárín oṣù díẹ̀, lára ẹni tí ó fúnni àti lára ẹni tí ó gbà.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn ní àmì ìdánimọ̀ kan tí a ń pè ní HLA. Ó fara jọ ilà ojú láyé àtijọ́, èyí tí a fi ń mọ ibi tí ènìyàn ti wá láì bi í léèrè. Sẹ́ẹ̀lì T a máa yẹ àmì yìí wò káàkiri ara. Bí ó bá rí àmì tí kò jọ ti onílé lára ẹ̀dọ̀ tuntun, á pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wọn á sì kọlu ẹ̀dọ̀ náà. Bí a kò bá dá wọn lẹ́kun, ẹ̀dọ̀ náà lè kú.

Síbẹ̀, ara a máa fara da ẹ̀dọ̀ àlejò ju kíndìnrín tàbí ọkàn àlejò lọ. Ní ọdún 1969, Roy Calne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ròyìn pé àwọn ẹlẹ́dẹ̀ kan tí wọ́n fún ní ẹ̀dọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ mìíràn wà láàyè pẹ́ láìlo oògùn kankan. Lára ènìyàn náà, nínú àwọn tí dókítà fara balẹ̀ yàn, tí wọ́n ti lo ọ̀pọ̀ ọdún láìní ìṣòro, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún lè jáwọ́ nínú oògùn tí ẹ̀dọ̀ wọn kò sì ní bàjẹ́. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ojú lásán kò lè mọ ẹni náà, ẹni tí ó bá sì dá oògùn dúró fúnra rẹ̀ láìsí dókítà lè pàdánù ẹ̀dọ̀ náà. Ìbéèrè tí ó mú àwọn onímọ̀ dé ìdí sẹ́ẹ̀lì onílàjà ni bóyá a lè ran àwọn mẹ́rin yòókù lọ́wọ́ kí wọ́n dà bí ẹnì kan yẹn.

Oògùn ojoojúmọ́ àti ìnira rẹ̀

Thomas Starzl ni ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ abẹ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún ènìyàn, ní ìlú Denver ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1963. Ọmọdé tí wọ́n ṣe é fún kò jí lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Ọdún 1967 ni Starzl tó ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tí ó lò ju ọdún kan lọ lẹ́yìn rẹ̀. Oògùn ni ó wá yí ọ̀ràn padà. Ciclosporin, tí wọ́n rí lára olú kan tí a bá nínú erùpẹ̀ ilẹ̀ Norway, bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé ní ìparí àwọn ọdún 1970. Tacrolimus, tí bakitéríà kan nínú erùpẹ̀ agbègbè Tsukuba ní Japan ń ṣe, ni wọ́n rí ní ọdún 1984, òun sì ni òpó ìtọ́jú títí di òní. Inú erùpẹ̀ ni àwọn méjèèjì ti jáde.

Iṣẹ́ àwọn oògùn wọ̀nyí ni láti dín agbára ààbò ara kù, ṣùgbọ́n gbogbo ààbò ara ni wọ́n ń dín kù, kì í ṣe èyí tí ń bá ẹ̀dọ̀ jà nìkan. Ẹni tí ń lò wọ́n tètè máa ń kó àrùn, ewu jẹjẹrẹ awọ ara àti ti ẹ̀jẹ̀ sì ga lára rẹ̀. Ọ̀pọ̀ a máa ní ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Tacrolimus àti ciclosporin tún a máa ba kíndìnrín jẹ́ díẹ̀díẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan tí ẹ̀dọ̀ tuntun gbà là fi padà di ẹni tí ń wá kíndìnrín lẹ́yìn ọdún bíi mẹ́wàá.

Ọ̀ràn ìwọ̀n oògùn kan Yorùbá ní tààràtà. Jíìnì kan wà tí ó ń jẹ́ CYP3A5, tí ó ń jẹ́ kí ara tètè fọ́ tacrolimus. Irú rẹ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ènìyàn Áfíríkà ju ti àwọn ará Yúróòpù lọ, ó sì hàn bẹ́ẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn Yorùbá ìlú Ìbàdàn tí wọ́n kópa nínú HapMap, ètò ìwádìí àgbáyé tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002. Nítorí náà, ìwọ̀n tacrolimus tí ó tó fún òyìnbó lè má tó fún ọ̀pọ̀ Yorùbá. Ti ẹ̀dọ̀ tún lọ́ra pọ̀ sí i, nítorí pé jíìnì ẹni tí ó fúnni ni ẹ̀dọ̀ gbé wá, nígbà tí ìfun olùgbà ń lo jíìnì tirẹ̀. Lórí èyí, rifampicin tí a fi ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa fa tacrolimus wálẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, fluconazole àti erythromycin a sì máa gbé e sókè. Ẹni tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò lè ra oògùn ní kẹ́mísìtì bí ẹlòmíràn ti ń rà á.

Ìtàn sẹ́ẹ̀lì onílàjà

Ní ọdún 1995, Shimon Sakaguchi, onímọ̀ ará Japan, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì T kan wà nínú ara eku tí kì í jagun. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, àwọn sẹ́ẹ̀lì T tí ó kù á kọlu ara onílé fúnra rẹ̀. Ní ọdún 2001, Mary Brunkow àti Fred Ramsdell ní Amẹ́ríkà rí jíìnì FOXP3, tí ìbàjẹ́ rẹ̀ ń fa irú ogun abẹ́lé bẹ́ẹ̀ lára eku kan, ó sì tún hàn pé òun náà ni ó wà nídìí àìsàn IPEX, tí ń ṣe àwọn ọmọkùnrin kéékèèké. Lẹ́yìn ọdún méjì, Sakaguchi so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀: FOXP3 ni ó ń sọ sẹ́ẹ̀lì T di onílàjà. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel nínú ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 2025.

Sẹ́ẹ̀lì onílàjà kò pọ̀. Nínú ẹgbẹ́ sẹ́ẹ̀lì T tí a ń pè ní CD4, nǹkan bíi 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n. Nítorí èyí ni a kò fi lè kàn gbà wọ́n lára ènìyàn kí a sì dá wọn padà bẹ́ẹ̀; ó di dandan kí a kọ́kọ́ sọ wọ́n di púpọ̀.

Bí a ṣe ń pèsè wọn

Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gbà lára aláìsàn. Wọn a fi ohun tí ó lè lẹ̀ mọ́ àmì ara sẹ́ẹ̀lì onílàjà ṣà á kúrò láàárín àwọn yòókù, nítorí pé bí sẹ́ẹ̀lì ajagun bá yọ́ wọlé tí a sì sọ òun náà di púpọ̀, ìpalára ni yóò bá dé. Nínú yàrá tí a sẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀, wọn a fi interleukin-2 bọ́ sẹ́ẹ̀lì náà, wọn a sì fi rapamycin dá àwọn ajagun tí ó ṣẹ́kù dúró. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá bakitéríà wọ inú rẹ̀ àti bóyá onílàjà ni lóòótọ́. Ìgbà yìí ni wọ́n tó fà á sí iṣan aláìsàn náà, bí a ti ń fa omi sí ènìyàn lára.

Nínú irú mìíràn, wọ́n máa ń fi sẹ́ẹ̀lì ẹni tí ó fúnni ní ẹ̀dọ̀ han sẹ́ẹ̀lì aláìsàn ní yàrá ìwádìí, kí ó lè mọ ẹni tí yóò pẹ̀tù sí ọ̀ràn rẹ̀ ní pàtó. Irú kẹta ni CAR-Treg, níbi tí wọ́n ti ń fi jíìnì tuntun sínú sẹ́ẹ̀lì onílàjà kí ó lè lọ tààrà sí ibi tí ẹ̀dọ̀ àlejò wà. Ilé iṣẹ́ Quell Therapeutics ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó gbé irú èyí, QEL-001, wọ inú ìdánwò lára àwọn tí a pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn. Àmì HLA-A2 ni ó ń wá kiri. Nítorí náà, ẹni tí kò ní HLA-A2 ṣùgbọ́n tí ẹ̀dọ̀ tí ó gbà ní in nìkan ni ó bá mu.

Àwọn ìdánwò lára ènìyàn

Ìròyìn tí ó kọ́kọ́ mú gbogbo àgbáyé yíjú wá láti Yunifásítì Hokkaido ní ìlú Sapporo, ní Japan, níbi tí Satoru Todo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́. Ènìyàn 10 ni wọ́n pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ fún láti ara alààyè. Wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì aláìsàn àti ti ẹni tí ó fún un ní ẹ̀dọ̀ pọ̀ nínú yàrá ìwádìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, pẹ̀lú èròjà tí kò jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì ajagun gba àṣẹ ogun, wọ́n sì fà á padà sí aláìsàn lára ní ọjọ́ 13 lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Láti oṣù kẹfà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í dín oògùn kù. Nígbà tí wọ́n tẹ àbájáde jáde ní ọdún 2016, ènìyàn 7 ti jáwọ́ nínú oògùn pátápátá. Àwọn 3 tí ó kù ní àìsàn tí ààbò ara fúnra rẹ̀ fi ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí oògùn wọn ti ń dínkù, ara wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ẹ̀dọ̀ náà, wọ́n sì dá wọn padà sídìí oògùn. Àbájáde ńlá ni, ṣùgbọ́n ènìyàn 10 péré ni, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a lè fi wọ́n wé.

Èyí tí ó súnmọ́ àwùjọ Yorùbá jù ni ìdánwò ThRIL, tí King's College London ṣe lábẹ́ Alberto Sánchez-Fueyo. King's College Hospital wà ní Camberwell, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan Peckham, àdúgbò tí Yorùbá pọ̀ sí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn kan fi ń pè é ní Èkó Kékeré. Ilé ìwòsàn náà wà lára àwọn tí iṣẹ́ ìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn tóbi jù ní Yúróòpù. Ènìyàn 9 ni wọ́n fún ní sẹ́ẹ̀lì onílàjà tiwọn fúnra wọn. Àwọn 3 gba ìwọ̀n kékeré, àwọn 6 gba ìwọ̀n ńlá, tí ó tó mílíọ̀nù 3 sí 4.5 fún kìlógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ó wọn kìlógíráàmù 70, ìwọ̀n tí ó ga jù yẹn jẹ́ mílíọ̀nù 315. Ohun tí ìdánwò náà ń wá ni bóyá ìtọ́jú yìí léwu, kì í ṣe bóyá ó ń wò sàn. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní ọdún 2020 fi hàn pé àwọn aláìsàn náà fara dà á, pé sẹ́ẹ̀lì onílàjà pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ wọn fún ìgbà díẹ̀, àti pé ìbínú sẹ́ẹ̀lì T wọn sí ẹ̀dọ̀ àlejò rọlẹ̀.

Ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Angus Thomson, Abhinav Humar àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò lo sẹ́ẹ̀lì T. Sẹ́ẹ̀lì dendritic, tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fi àlejò han sẹ́ẹ̀lì T, ni wọ́n gbà láti inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tí yóò fúnni ní ẹ̀dọ̀, wọ́n tọ́ ọ kí ó má lè pe ogun, wọ́n sì fà á sí ara olùgbà ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú iṣẹ́ abẹ. Ó dà bí ìgbà tí a rán alárinà lọ sí ilé àna kí ìyàwó tó dé. Díẹ̀ nínú àwọn tí ó gbà á ti jáwọ́ nínú oògùn, ṣùgbọ́n wọn kò tó ìdajì. Ní San Francisco, ìṣòro tí ó yọjú ni pé kì í rọrùn láti rí sẹ́ẹ̀lì tí ó pọ̀ tó lára ẹni tí oògùn ti dín ààbò ara rẹ̀ kù.

Sẹ́ẹ̀lì ajagun

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ wọn nítorí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀, ẹ̀rù tí ó sì ń bà wọ́n ni pé kí ó má padà, nígbà tí oògùn ti dè ààbò ara mọ́lẹ̀. Ní Yunifásítì Hiroshima, Hideki Ohdan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fọ ẹ̀dọ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé wọlé, wọ́n gba sẹ́ẹ̀lì apànìyàn àdámọ́ni tí a ń pè ní NK láti inú omi tí wọ́n fi fọ̀ ọ́, wọ́n fún un lókun, wọ́n sì fà á sí olùgbà lára ní ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Omi tí ì bá dànù ni ó di oògùn. Wọ́n gbé ọ̀nà náà dé Miami ní Amẹ́ríkà.

Ní ọdún 2015, Waseem Qasim, Antonio Bertoletti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn ẹnì kan tí wọ́n ti pààrọ̀ ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí jẹjẹrẹ ti tàn ká ara rẹ̀. Mẹ́dọ̀wú B ni ó fa jẹjẹrẹ náà, àmì fáírọ́ọ̀sì sì ṣì wà lára jẹjẹrẹ tí ó tàn ká. Wọ́n fi jíìnì kọ́ sẹ́ẹ̀lì T aláìsàn náà láti dá àmì yẹn mọ̀. Àmì fáírọ́ọ̀sì dínkù púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láìpa ẹ̀dọ̀ tuntun lára. Kò wo jẹjẹrẹ náà sàn, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé a lè rán sẹ́ẹ̀lì ajagun níṣẹ́ láì jẹ́ kí ó kọlu ẹ̀dọ̀ àlejò.

Oògùn tí ó ti gba àṣẹ ni tabelecleucel, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Ebvallo. Sẹ́ẹ̀lì T láti ara ẹlòmíràn ni, tí wọ́n ti kọ́ láti pa sẹ́ẹ̀lì tí fáírọ́ọ̀sì Epstein-Barr wà nínú rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì yìí náà ni ó ní ọwọ́ nínú àrùn Burkitt tí ń wú àwọn ọmọdé Áfíríkà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lára ẹni tí oògùn ti dín ààbò ara rẹ̀ kù, ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ìgbìmọ̀ Yúróòpù fọwọ́ sí oògùn náà ní oṣù Kejìlá ọdún 2022.

Ní Nàìjíríà

Japan, Britain àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe púpọ̀ jù nínú àwọn ìdánwò tí a dárúkọ lókè yìí. Ilé ìwòsàn tí ó bá ń gba owó lónìí láti fi “sẹ́ẹ̀lì” wo ẹ̀dọ̀ kò ta ohun tí àyọkà yìí ń ṣàlàyé, nítorí pé ìdánwò kò tí ì di ọjà.

Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà tí ó nílò ẹ̀dọ̀ tuntun a máa rìnrìn-àjò lọ sí Índíà tàbí ibòmíràn, wọn a sì padà wá máa gbé pẹ̀lú oògùn ojoojúmọ́ nílé. Àyẹ̀wò tacrolimus gbọ́dọ̀ wáyé kí aláìsàn tó lo oògùn àárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, iye tí yóò hàn nínú ẹ̀jẹ̀ kò ní jẹ́ òótọ́. Fún ẹni tí ó ń gbé ní Ìbàfò, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, ìpínlẹ̀ Ògùn, ilé ìwòsàn yunifásítì tí ó wà lápá ìsàlẹ̀ ọ̀nà ni LUTH ní Ìdí-Àrába, èyí tí ó wà lápá òkè sì ni OOUTH ní Ṣàgámù. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ni yóò gbà dé èyíkéyìí. Ó gbọ́dọ̀ gbé oògùn náà dání láìlò ó, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ó tó gbé e mì. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lè sọ oògùn aago mẹ́jọ di ti ọ̀sán. Irú ìnira báyìí, tí kì í hàn nínú ìròyìn ìwádìí, ni sẹ́ẹ̀lì onílàjà yóò mú kúrò bí ó bá yọrí sí rere.

Iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe àjèjì pátápátá ní Nàìjíríà. Ní ọdún 2011, Godwin Bazuaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì ìlú Benin, UBTH, gbé sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn egungun sí ara ọmọ kan tí ó ní àìsàn fọ̀níkú-fọ̀ladìde. Òfin Ètò Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ni ó ń darí gbígba ẹ̀yà ara àti fífúnni. Ó ní kí iṣẹ́ náà wáyé ní ilé ìwòsàn tí ó gba àṣẹ nìkan, ó sì sọ gbígba owó lórí ẹ̀yà ara di ẹ̀ṣẹ̀, yàtọ̀ sí owó ìnáwó tí ó bá yẹ.

Mẹ́dọ̀wú B wà lára ohun tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ jù ní Nàìjíríà. Ìwádìí NAIIS ti ọdún 2018 rí i lára 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 64, ó sì rí mẹ́dọ̀wú C lára 1.1. Ẹlòmíràn lè gbé e fún ogún ọdún láìmọ̀, títí ikùn yóò fi kún fún omi tàbí tí ojú yóò fi pọ́n. Abẹ́rẹ́ àjẹsára mẹ́dọ̀wú B wọ inú ètò àjẹsára ọmọdé ní Nàìjíríà ní ọdún 2004, wákàtí 24 àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ni ó sì yẹ kí ọmọ gba èyí àkọ́kọ́. Àwọn tí wọ́n bí ṣáájú ọdún náà kò rí i gbà nínú ètò yẹn. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní HBsAg ni a fi ń mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì náà ti wà lára wọn.